Kẹ̀kẹ́ àtijọ́, ẹ̀yà tuntun: ṣé kẹ̀kẹ́ kan náà ni?

Àgbẹ̀ kan jogún ọkọ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Ẹ̀rúkọ́ rẹ̀ ṣẹ́, ó gbẹ́ òmíràn sí i. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, irin ọkọ́ náà jẹ tán, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ, alágbẹ̀dẹ rọ tuntun fún un. Bí ẹ bá bi í léèrè, yóò ní: «Ọkọ́ bàbá mi nìyí.» Ǹjẹ́ òótọ́ ni ó sọ? Igi tí bàbá rẹ̀ dì mú kò sí níbẹ̀ mọ́. Irin tí bàbá rẹ̀ fi kọ ebè kò sí níbẹ̀ mọ́. Síbẹ̀, kò sí ẹni tí yóò pè é ní òpùrọ́ nínú oko.

Ẹ̀yin ará, ẹ mú ìbéèrè yìí dání, nítorí a fẹ́ fi wo ohun mìíràn tí ó ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín àwọn ará Yúróòpù. Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ni. Kì í ṣe kẹ̀kẹ́ tí a fi ń ru iṣu bọ̀ láti oko. Kẹ̀kẹ́ eré ni, èyí tí àwọn ará Faransé, ará Ítálì àti àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ń sáré ìje láti ìlú kan dé òmíràn. Ẹ má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ òyìnbó ni, pé kò kàn wá. Ẹni tó bá ti ra ọkọ̀ àlòkù ní Kútọnu rí, tàbí tó ti yọ ẹ̀rọ inú ọkọ̀ kan fi sínú òmíràn rí, ọ̀rọ̀ yìí ti wọ ilé rẹ̀.

Irin ni wọ́n fi ṣe egungun kẹ̀kẹ́ tí à ń sọ yìí. Ohun tí a pè ní egungun ni àwọn ọ̀pá tó so ẹsẹ̀ iwájú pọ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, tí ìjókòó àti ọwọ́ kẹ̀kẹ́ dúró lé lórí. Kì í ṣe irin yẹpẹrẹ. Ní Birmingham, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé iṣẹ́ Reynolds mú ọ̀pá kan jáde ní ọdún 1935 tí wọ́n sọ ní 531. Ó fẹ́lẹ́, ó fúyẹ́, ó sì le. Ní Milan, ní Ítálì, Columbus ń ṣe tirẹ̀. Oníṣẹ́ ọwọ́ yóò gé àwọn ọ̀pá wọ̀nyí, yóò ki orí wọn bọ inú ìdè irin kéékèèké, yóò fi iná yọ́ idẹ tàbí fàdákà sí ojú ibi tí wọ́n ti pàdé. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá dá ṣáṣá, egungun bẹ́ẹ̀ lè lo ọdún 50 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọ̀pá kan bá tẹ̀, ẹni tó mọ iṣẹ́ lè yọ ọ́, kí ó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Bí àwọn alágbẹ̀dẹ wa bá rí iṣẹ́ náà, yóò yé wọn láìsí ògbufọ̀.

Kẹ̀kẹ́ eré ní àwo eléyín púpọ̀ lẹ́yìn, àwọn kan tóbi, àwọn kan kéré. Bí ẹ bá ń gun òkè, ẹ ó fẹ́ kí ṣẹ́nì wà lórí èyí tó tóbi, kí ẹsẹ̀ yín lè fúyẹ́. Bí ilẹ̀ bá tẹ́jú, ẹ ó fẹ́ kí ó wà lórí èyí tó kéré, kí ẹ lè sáré. Èyí ni àwọn tó gbọ́ Faransé ń pè ní vitesse. Ní àtijọ́, irin kékeré méjì ni wọ́n fi ń yí i. Àwọn irin náà wà lára ọ̀pá tó dà gẹ̀rẹ́ láti ọrùn kẹ̀kẹ́ lọ sí ibi pẹ́dà. Ẹni tó ń gùn ún yóò mú ọwọ́ kan kúrò lókè, yóò nà án sí ìsàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún rẹ̀, yóò fa irin náà díẹ̀díẹ̀. Kò sí àmì kankan tó ń sọ fún un pé ó ti tó. Etí ni yóò fi gbọ́ ọ. Bí ṣẹ́nì bá ń kùn, kò tíì jókòó. Bí ó bá dákẹ́, ó ti jókòó. Ẹni tuntun a máa ṣì í, ọwọ́ àgbà a máa mọ̀ ọ́n láìwò.

Ní ọdún 1984, ilé iṣẹ́ Shimano ti ilẹ̀ Japan ṣe irin kan tó ń ró «kọ́» nígbàkúùgbà tó bá dé ibi tó yẹ. Iṣẹ́ etí dínkù. Ní ọdún 1990, ilé iṣẹ́ yìí kan náà mú irin vitesse kúrò lára ọ̀pá ìsàlẹ̀, ó kó o sínú ọwọ́ ìjánu lókè. Irin kan náà ni ẹ ó fà kí kẹ̀kẹ́ dúró, òun náà ni ẹ ó tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí vitesse yí. Ẹ jẹ́ kí á máa pè é ní ọwọ́ oníṣẹ́-méjì. Ní ọdún 1992, Campagnolo ti ìlú Vicenza ní Ítálì, tó ti ń ṣe ẹ̀yà kẹ̀kẹ́ láti ọdún 1933, mú tirẹ̀ jáde. Kò pẹ́ tí àwọn asáré ìje fi kọ irin àtijọ́ sílẹ̀. Ta ni yóò dá wọn lẹ́bi? Ọwọ́ wọn kò ní kúrò níbi ìjánu mọ́, àní bí wọ́n tilẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè pẹ̀lú eré burúkú.

Lónìí, alúmíníọ̀mù tàbí kábọ́nù ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ eré tuntun. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí wọ́n fẹ́ràn irin. Wọ́n ń wá egungun àtijọ́ nínú àká àti ní ọjà àlòkù. Wọ́n á bọ́ irin vitesse àtijọ́ dànù, wọ́n á fi ọwọ́ oníṣẹ́-méjì sí i, wọ́n á fi àwo eléyín 9 tàbí 10 tàbí 11 rọ́pò 5 tàbí 6 tó wà níbẹ̀. Inú wọn a dùn. Àwọn mìíràn á rí i, inú á bí wọn. Wọ́n á ní: «Ẹ ti ba nǹkan jẹ́. Ẹ ti pa iṣẹ́ àgbà.»

Kí á tó dájọ́, ó yẹ kí á mọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí, nítorí nínú iṣẹ́ náà gan-an ni a ó ti rí ibi tí ìbàjẹ́ lè wà àti ibi tí kò sí. Àlàfo ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, níbi tí ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ń wọ̀, jẹ́ mìlímítà 120 nígbà tí àwo eléyín wà ní 5. Nígbà tí ó di 6 àti 7, ó di 126. Nígbà tí ó di 8 sókè, ó di 130. Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹsẹ̀ tuntun sínú egungun àtijọ́ ní láti fẹ̀ ẹ́. Irin gbà kí á fẹ òun. Láti 126 sí 130, mìlímítà 2 péré ni ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ọwọ́ lásán fẹ́rẹ̀ẹ́ tó o. Láti 120 sí 130, ó gba sùúrù àti ìwọ̀n, kí ẹ̀gbẹ́ kan má baà lọ ju èkejì. Irin yóò tẹ̀, yóò sì dúró síbi tí ẹ fi í sí. Bí ẹ bá dán irú rẹ̀ wò lára alúmíníọ̀mù, ó lè sán.

Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ àtijọ́ ló ní ẹsẹ̀ tí wọ́n ń pè ní 27. Rímù rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 630. Èyí tó wọ́pọ̀ lónìí, tí wọ́n ń pè ní 700, jẹ́ 622. Nígbà tí ẹ bá pààrọ̀ wọn, rímù yóò sún sí ìsàlẹ̀ ní mìlímítà 4, ìjánu kò sì ní bá a mọ́ àfi tí apá rẹ̀ bá gùn tó. Ti àwọn kẹ̀kẹ́ Faransé àtijọ́ tún le jù, ọ̀pọ̀ Peugeot wà lára wọn: bí wọ́n ṣe ń yí irin wọ ibi tí pẹ́dà ti ń yí yàtọ̀ sí ti Gẹ̀ẹ́sì àti ti Ítálì. Ẹ̀yà tuntun tí a rà lọ́jà kì í wọ ibẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹni tí kò ní sùúrù ti máa ń gbé irin ìgbẹ́ho jáde, tí yóò máa gé, tí yóò máa há. A ó padà sórí ẹni yẹn.

Ní Gaiole in Chianti, ní ilẹ̀ Tuscany ní Ítálì, ìrìn kẹ̀kẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní L'Eroica. Ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1997 pẹ̀lú ènìyàn 92. Ojú ọ̀nà eruku funfun ni wọ́n ń gbà, nítorí àwọn tó dá a sílẹ̀ kò fẹ́ kí wọ́n da ọ̀dà sórí gbogbo ọ̀nà àtijọ́ ilẹ̀ wọn. Òfin ibẹ̀ kò rọrùn: kẹ̀kẹ́ irin tí wọ́n ṣe ṣáájú ọdún 1987, irin vitesse lára ọ̀pá, awọ tó ń di ẹsẹ̀ mọ́ pẹ́dà, okùn ìjánu tó fara hàn síta. Ọwọ́ oníṣẹ́-méjì kò gbọdọ̀ dé ibẹ̀. Èmi rò pé wọ́n jàre nílé ara wọn. Ẹni tó pe àpèjẹ ló ń sọ aṣọ tí a ó wọ̀ wá. Ṣùgbọ́n òfin àpèjẹ kì í ṣe òfin ayé. Ohun tí a fẹ́ mọ̀ ni bóyá ẹni tó pààrọ̀ ẹ̀yà kẹ̀kẹ́ rẹ̀ nínú ilé ara rẹ̀ ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Àwọn ọlọ́gbọ́n Gíríìkì ti bá ìbéèrè bí irú èyí jà. Plutarch kọ ọ́ pé àwọn ará Áténì tọ́jú ọkọ̀ ojú omi tí akọni wọn Theseus wọ̀ dé láti òkun. Bí pákó kan bá jẹrà, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á fi tuntun sí i. Àwọn kan ní ọkọ̀ náà kò yí padà, àwọn kan ní ó ti di òmíràn. A ò nílò láti lọ sí Áténì kí ọ̀rọ̀ yìí tó yé wa. Ní ọdún 1886, ogun Dàhómì wó ìlú Kétu. Wọ́n jó ilé, wọ́n kó ènìyàn lẹ́rú, ìlú di ahoro. Lẹ́yìn tí àwọn Faransé ti ṣẹ́gun Dàhómì, ní nǹkan bí ọdún 1894, àwọn tó kù padà wá, wọ́n tún ìlú náà dó. Ògiri tuntun ni, òrùlé tuntun ni, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ kò sí láyé nígbà tí wọ́n mọ ògiri àtijọ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò dúró lójú Alákétu kí ó sọ pé ìlú yẹn kì í ṣe Kétu? Ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i.

Kí ló jẹ́ kí ó jẹ́ Kétu? Kì í ṣe amọ̀. Ojúko kan náà ni, orúkọ kan náà ni, ìran ọba ń bá a lọ, àwọn ènìyàn sì ń rántí. Wọ́n mọ ohun tó sọnù, wọ́n sì mọ ẹni tó kọ́ èyí tó dúró. Bí kò bá sí ẹni tó rántí, tí àlejò kan kàn kọ́ ilé sórí ahoro, ì bá jẹ́ ìlú mìíràn.

Kẹ̀kẹ́ kò lè rántí ohunkóhun fúnra rẹ̀. Ẹni tó ni ín ló ń rántí fún un. Nítorí náà, ní ti èmi, ìdáhùn sí «ṣé kẹ̀kẹ́ kan náà ni?» wà lọ́wọ́ ohun tí ẹni tó béèrè fẹ́ mọ̀. Bí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá egungun tí bàbá rẹ gùn ni ò ń gùn, bẹ́ẹ̀ ni. Bí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá bí bàbá rẹ ṣe ń gùn ún ni ìwọ náà ṣe ń gùn ún, bẹ́ẹ̀ kọ́. Bí ó bá fẹ́ rà á lọ́wọ́ rẹ bí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, ó di dandan kí o sọ ohun tí o yọ àti ohun tí o fi sí i. Ẹni tó fi ẹ̀yà ọdún 2010 sára egungun ọdún 1975, tó fọ̀ ọ́ mọ́, tó wá gba owó ohun àtijọ́ lórí gbogbo rẹ̀, olè ni. Kì í ṣe ẹ̀yà tuntun ni ó sọ ọ́ di olè, bí kò ṣe ẹnu rẹ̀ tí ó pa mọ́.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ òtítọ́ yìí ti dá wàhálà sílẹ̀ nínú eré ìje pàápàá. Ní ọdún 1972, Eddy Merckx, ará Bẹ́ljíọ̀mù, gun kẹ̀kẹ́ fún wákàtí 1 ní ìlú Mexico, ó rin kìlómítà 49 àti mítà 431. Ní ọdún 1984, Francesco Moser ti Ítálì lo kẹ̀kẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dí pátápátá bí àwo, ó kọjá kìlómítà 51. Ní ọdún 1996, Chris Boardman, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, na ọwọ́ síwájú lórí kẹ̀kẹ́ bí ẹni tó ń fò, ó ju kìlómítà 56 lọ. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè: ṣé ọkùnrin ni ó sáré ni, àbí kẹ̀kẹ́? Ẹgbẹ́ tó ń ṣàkóso eré kẹ̀kẹ́ lágbàáyé wá pàṣẹ pé ẹni tó bá fẹ́ gba oyè wákàtí ní láti gun irú kẹ̀kẹ́ tí Merckx gùn. Boardman kan náà tún gbìyànjú ní ọdún 2000, lórí kẹ̀kẹ́ irú ti àtijọ́. Ó rin kìlómítà 49 àti mítà 441. Mítà 10 péré ni ó fi ju Merckx lọ! Ní ọdún 2014, ẹgbẹ́ náà tún yí òfin padà, wọ́n gba kẹ̀kẹ́ ìgbàlódé láyè.

Èmi kò rí ẹ̀tàn nínú ohun tí Moser ṣe, nítorí gbogbo ayé rí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n mítà 10 yẹn kọ́ wa pé bí a kò bá sọ ohun èlò tí a lò, a kò lè fi ènìyàn wé ènìyàn. Ẹni tó gun òkè pẹ̀lú àwo eléyín 11 kò gbọdọ̀ fi ẹni tó fi 5 gùn ún ṣe yẹ̀yẹ́.

Àwọn tó ń bínú ní ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu. Wọ́n ní ẹni tó kan kẹ̀kẹ́ náà ní ohun tó fẹ́ lọ́kàn, ẹ̀gàn ni láti yí i padà. Ọ̀rọ̀ yìí dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n kò lẹ́sẹ̀ tó. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wọ̀nyẹn, egungun nìkan ni wọ́n ń tà. Ẹni tó rà á ló ń lọ yan ìjánu àti vitesse tí owó rẹ̀ ká. Oníṣẹ́ ọwọ́ mọ̀ pé ẹ̀yà ń jẹ, pé a ó pààrọ̀ rẹ̀. Ó ṣe egungun náà kí ó lè pẹ́ ju ṣẹ́nì 20 lọ.

Ohun tí wọ́n sì ń pè ní àtijọ́ yẹn, tuntun ni nígbà kan, àwọn ènìyàn sì kọ̀ ọ́. Ìje yíká ilẹ̀ Faransé, Tour de France, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1903. Henri Desgrange tó dá a sílẹ̀ kò fẹ́ kí asáré lo irin tó ń gbé ṣẹ́nì láti àwo kan sí òmíràn. Lójú tirẹ̀, ẹsẹ̀ ènìyàn ni kó ṣiṣẹ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tí asáré bá dé ìdí òkè, ó ní láti sọ̀ kalẹ̀, kí ó yọ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, kí ó yí i padà kí eyín mìíràn lè bọ́ síbi ṣẹ́nì. Ọdún 1937 ni wọ́n tó gbà wọ́n láyè, Roger Lapébie sì fi í gba ìje náà ní ọdún yẹn. Ẹni tó ń sọkún lónìí lórí irin vitesse tí wọ́n bọ́ dànù, ohun tí Desgrange lé jáde ni ó ń sọkún lé lórí. Ìgbà kì í lọ bí òréré.

Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ má ṣe rò pé mo ti gbà fún àwọn ẹlẹ́yà tuntun tán. Ohun kan wà tí ó ń kọ mí lóminú ju ọ̀rọ̀ ẹwà àti ọ̀rọ̀ ìṣẹ̀ǹbáyé lọ.

Ẹ tú irin vitesse àtijọ́ palẹ̀. Ẹ ó rí ìdè kan, àwo irin pẹlẹbẹ díẹ̀, ọwọ́ irin kan, okùn kan. Bí ó bá ń yọ̀, ẹ mú un le. Bí ó bá le jù, ẹ dẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lábẹ́ igi pẹ̀lú òòlù àti irin ìtú-ìdè lè tọ́jú rẹ̀ títí ayé. Ó tún ní ìwà kan tó dára: kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó lè yí àwo 5, ó lè yí 7, ó lè yí 9, ti Faransé tàbí ti Japan, nítorí etí rẹ ni ó ń wọ̀n ọ́n, kì í ṣe eyín kan tí wọ́n gbẹ́ sínú rẹ̀ ní ilé iṣẹ́.

Ọwọ́ oníṣẹ́-méjì kò rí bẹ́ẹ̀. Inú rẹ̀ kún fún eyín wínníwínní àti irin tín-ín-rín tó ká bí ejò. Eyín tí wọ́n gbẹ́ sínú rẹ̀ ti pinnu iye tí okùn yóò fi rìn nígbà kọ̀ọ̀kan. Bí àwo ẹ̀yìn kò bá jẹ́ irú èyí tí ó mọ̀, ṣẹ́nì yóò máa fò. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ti ilé iṣẹ́ kan kì í bá ti èkejì ṣiṣẹ́. Campagnolo ṣe àwọn kan tí a lè tú, tí a lè fi irin tuntun sí nínú. Ti Shimano, ẹni tó tú u kì í sábà lè dà á padà. Bí ó bá kú, a ó ra òmíràn. Nígbà míràn, èyí tó bá àwo eléyín rẹ̀ mu kò sí lọ́jà mọ́, nítorí ilé iṣẹ́ ti kúrò ní 8 lọ sí 9, lọ sí 10, lọ sí 11.

Nítorí náà, egungun tó lè lo ọdún 50 ni a so mọ́ ọwọ́ tí kò lè pẹ́ tó o. Ìrọ̀rùn wọlé, òmìnira jáde díẹ̀. Ohun tó wà nínú etí àti ìka ẹni tó ń gùn ún tẹ́lẹ̀ ti lọ sínú àpótí kékeré tí ẹlòmíràn dì pa. Ǹjẹ́ ìyẹn burú? Fún asáré tó ń fi í jẹun, rárá, kò lè dúró ti àtijọ́. Fún ẹni tó ń gbé níbi tí ilé ìtajà wà ní gbogbo igun, bóyá kò burú. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó jìnnà sí ọjà, tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, mo máa gbà á nímọ̀ràn kí ó ṣe sùúrù. Ohun tí ará ilé rẹ kò lè tún ṣe, ìwọ kọ́ ni o ni ín tán.

Ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀rọ̀ náà nìyí, ó sì wúwo pẹ̀lú. Àgbàlagbà kan ti gun kẹ̀kẹ́ irin rẹ̀ fún ọdún 40. Èjìká ti ń dun ún, ìka kò ká dáadáa mọ́. Kò lè tẹ̀ sísàlẹ̀ lọ fa irin lára ọ̀pá, pàápàá níbi tí ọkọ̀ ti pọ̀, tí ó yẹ kí ọwọ́ méjèèjì wà lórí ìjánu. Bí ẹ bá ní kí ó má ṣe pààrọ̀ ohunkóhun, yóò gbé kẹ̀kẹ́ kọ́ sára ògiri. Kẹ̀kẹ́ náà yóò pé pérépéré, kò ní sí ẹ̀yà tuntun kan lára rẹ̀, eruku yóò sì máa bò ó. Bí ó bá fi ọwọ́ oníṣẹ́-méjì àti ìjánu tuntun tó ń múná sí i, yóò jáde ní òwúrọ̀ ọ̀la. Lójú mi, èyí tó ń jáde ní òwúrọ̀ ni ó bọlá fún ẹni tó kàn án. Wọn kò kan kẹ̀kẹ́ fún ògiri.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí á padà sórí ẹni tó gbé irin ìgbẹ́ho jáde. Fífẹ àlàfo ẹ̀yìn egungun irin, a lè sún un padà. Yíyọ irin vitesse, a lè dá a padà. Ojú ibi tí wọ́n ti yọ ọ́ lára ọ̀pá, ìdè kékeré kan wà tí wọ́n ń tà tó ń bọ́ síbẹ̀, tó ń di okùn tuntun mú, láìgé ohunkóhun. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ayùn gé ìdè tí oníṣẹ́ ọwọ́ jó mọ́ ọ̀pá, tàbí tó dá ihò sí ọ̀pá fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kí okùn lè gba inú rẹ̀ kọjá, ẹni yẹn ti pinnu fún gbogbo ẹni tí yóò ni kẹ̀kẹ́ náà lẹ́yìn rẹ̀. Ó tún lè sọ ọ̀pá náà di aláìlágbára, kí ó kán mọ́ ọmọ ẹlòmíràn lábẹ́. Ibẹ̀ ni mo rò pé ẹ̀ṣẹ̀ wà. Owó rẹ lo fi rà á, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n egungun tó ti wà ṣáájú rẹ, tí yóò sì wà lẹ́yìn rẹ, ohun ìfisọ́wọ́ ni lọ́wọ́ rẹ.

Ẹ wo ẹ̀kú egúngún àwọn ìdílé wa. Wọ́n ń fi aṣọ tuntun kún un. Aṣọ tuntun á wà lókè, èyí tí bàbá àti bàbá bàbá rán á wà lábẹ́. Kò sí ẹni tó ń sọ pé aṣọ tuntun ba egúngún jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ojú àwọn àgbà ilé bí ẹnìkan bá gbé àlùmọ́gàjí, tó fẹ́ gé ti ìsàlẹ̀ dànù kí ẹ̀kú lè fúyẹ́.

Ó ku ẹ̀yà tí a bọ́ sílẹ̀. Ní ọdún 1655, Thomas Hobbes, ọlọ́gbọ́n Gẹ̀ẹ́sì kan, fi kún ìtàn ọkọ̀ Theseus. Ó ní: ká ní ẹnìkan ń ṣa gbogbo pákó àtijọ́ tí wọ́n ń yọ, tí ó sì tò wọ́n padà bí wọ́n ti wà, ọkọ̀ méjì ni yóò wà. Èwo ni ti Theseus? Pẹ̀lú kẹ̀kẹ́, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe àlọ́. Ẹnìkan á ra egungun lọ́wọ́ ọmọ olóògbé, ẹlòmíràn á ra àpótí irin àtijọ́ lọ́wọ́ ọmọ kejì, àwọn méjèèjì á sì máa sọ pé kẹ̀kẹ́ bàbá yẹn wà lọ́wọ́ àwọn. Ní tèmi, ẹni tó ni egungun ló ni kẹ̀kẹ́, nítorí ara egungun ni nọ́ńbà àti orúkọ ẹni tó kàn án wà. Ṣùgbọ́n ó sàn kí wọ́n má tilẹ̀ dé ibẹ̀. Ẹni tó bá bọ́ irin vitesse, ìjánu àti ẹsẹ̀ àtijọ́, kí ó fi òróró nù wọ́n kí wọ́n má dípẹtà, kí ó dì wọ́n sínú àpótí kan, kí ó sì kọ ọ́ sórí ìwé pé: láti ara kẹ̀kẹ́ báyìí ni wọ́n ti wá, ní ọjọ́ báyìí ni mo bọ́ wọn. Ẹ̀yin náà ti mọ̀ ọ́n kọ báyìí. Kí ó fi ìwé náà sínú àpótí, kí ó gbé e sí ibi tí ọmọ rẹ̀ yóò ti rí i.